Àmù Màmá Tí A Lu Nídìí

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi ní Ìṣẹ̀ máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ ọyẹ́ ló ń fẹ́ tí ètè gbogbo wa ń ya, bí o bá ti ta ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, òórùn amọ̀ tútù yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Ibi tó ti ń wá kò jìnnà. Ní igun ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí oòrùn kì í dé, ni àmù ìyá ọkọ mi jókòó sí. Ó dúdú, ó sanra, ọrùn rẹ̀ rí róbótó. Àwo tánganran kan ni wọ́n fi ń bò ó lórí, ife kan sì máa ń dojú dé lórí àwo náà. Omi inú rẹ̀ a máa tutù débi pé eyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tipiri. Kò sí àlejò tí yóò wọ ilé náà tí wọn kò ní kọ́kọ́ bu omi fún kí wọ́n tó béèrè ohun tó gbé e wá. Bí o bá kọ omi náà, o ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí o kò tilẹ̀ la ẹnu.

Òórùn yẹn ni mo tún gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, láìsí àmù kankan nítòsí, nígbà tí ọmọbìnrin mi àgbà pè mí lórí fóònù láti Ìbàdàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tí wọ́n kọ́, omi bóhóòlù wọn sì ń pọ́n, ó ń ta bí irin lẹ́nu. Ó ti rìn káàkiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta fíltà títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ọ̀kan ń lo iná mànàmáná, ó sì ń da omi púpọ̀ nù kó tó mú ife kan jáde. Òmíràn ní ike kan nínú tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yọ sọ nù ní gbogbo ìgbà. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi yan èyí tí kò ní máa da omi nù, tí kò ní máa wá iná, tí kò sì ní sọ ẹ̀yìnkùlé mi di ààtàn.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá ibi jókòó sí, nítorí ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè fíltà, ìtàn ló ń bẹ̀ mí sọ. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ìwọ náà. A jọ ṣe olùkọ́ láyé ìgbà yẹn ni, o ó rántí díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ èyí tí o kò mọ̀ ló pọ̀ jù.

Ṣé o rántí bí inú wa ti dùn tó nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀? Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ nígbà náà, kò sì pẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì fi ń di ẹrù wọn kọrí sí Adó. Iṣẹ́ wà, ipò wà, ilé ni kò sí. Ẹni tó bá rí yàrá kan gbà ní Adó láyé ìgbà yẹn, ó yẹ kó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ni ọkọ mi bá ní dípò tí a ó fi máa há mọ́ra bí ẹja inú agolo, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí ilé bàbá òun ní Ìṣẹ̀. Bàbá ti kú, Màmá nìkan ló kù níbẹ̀. Òun yóò máa wọ mọ́tò lọ sí Adó láràárọ̀, èmi náà sì rí ìyípadà sí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan nínú ìlú, mo ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ìwọ náà mọ ahọ́n wa. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì á ti máa fi ọwọ́ bo ẹnu, títí kan àwọn tí èdè tiwọn náà nílò ìtumọ̀ bí wọ́n bá dé Ìbàdàn.

Gbogbo rẹ̀ ni mo fara mọ́, àfi ọ̀rọ̀ omi. Ní Àkúrẹ́, ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ilé wa. Ó máa ń ṣẹ́jú, ó máa ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ó máa ń padà wá. Ní Ìṣẹ̀, kànga ló wà lẹ́yìnkùlé, odò sì wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Nígbà òjò, omi kànga á pọ́n bí omi ẹ̀wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ó máa fà. Màmá á pọn ọ́n, á dà á sínú àmù, á fi sílẹ̀ kó tòrò, ó parí. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún gbọ́nhan nìyẹn.

Ọmọ mi yìí, èyí tó pè mí láti Ìbàdàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni nígbà náà. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró tán tí a dé tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń yàgbẹ́ olómi, ó ń bì, ojú rẹ̀ wọnú, awọ ara rẹ̀ sì rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ó sàn, a dúpẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó tún dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà kò tilẹ̀ wo ojú mi tó fi béèrè irú omi tí a ń mu. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní bí omi náà kò bá yí padà, òun àti èmi yóò máa ríra ni.

Ìgbà náà ni Àǹtí Àkúrẹ́ bọ́ sí i. Bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nìyẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Òun ni àkọ́bí Màmá tó wà láyé, aláṣọ ni ní Àkúrẹ́, ohùn rẹ̀ a máa kún ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọ mi bí ojú. Nígbà tó wá ṣe Kérésì, tó rí bí ọmọ náà ti gbẹ, ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. Ó ní, “Bí inú bá tún yọ ọmọ yìí lẹ́nu, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé.” Ọkọ mi wolẹ̀. Nínú ẹbí wọn, bí Àǹtí bá ti sọ ọ́, ó ti di òfin.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Kì í ṣe èébú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ẹmùré lèmi náà ti ka ìwé mẹ́fà, n kò sì kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo ń sọ yìí, mi ò tíì já a lẹ́nu ọmú. Bí mo bá wà lójú pátákó tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí omi ṣe ń di òjò, bí ọmọ ẹlòmíràn bá sunkún níta, aṣọ àyà mi á tutù. Ta ni yóò wá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kí n máa lọ kí i bí àlejò ní ìparí oṣù? Mo sọ fún ara mi pé omi ni yóò kúrò nínú ilé yìí, ọmọ mi kọ́.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Màmá. Mo kúnlẹ̀, mo rọra ṣàlàyé pé dókítà ní nínú omi ni kòkòrò tó ń dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ wà, pé ojú lásán kò lè rí i. Ó gbọ́ mi tán. Kò jiyàn, kò bínú. Ó dìde, ó lọ síbi àmù, ó bu omi kún ife, ó mu ún tán lójú mi, ó sì dojú ife dé padà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ dín láàárín wa. Kì í ṣe pé a ń jà. A jọ ń jẹun, a jọ ń gbàdúrà, ó ń bá mi pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, màá gbọ́ tí ó ń fi ewé eépín ha inú àmù náà kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀, á ha á, á ṣàn án, á tún ha á. Mo rò pé ó ń fi hàn mí pé àmù òun mọ́ ni.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé oògùn tirẹ̀ dé. Ó rí fíltà kan ní ilé ọ̀gá rẹ̀ ní Adó, ó funfun, ó ń dán, ó sì wá irú rẹ̀ rà. Ó gbé e wọlé bí ẹni gbé ìyàwó. A tú u kúrò nínú páálí, a gbé e yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ìgbà náà ni a tó rí i pé ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń dè é mọ́, omi tó ń ti ara rẹ̀ bọ̀ ló sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ omi wo ló wà ní ilé wa? Ọkọ mi dúró, ó ń wo ògiri bí ẹni pé páìpù yóò yọjú nítorí tirẹ̀. Ó padà fi ìṣó kan án mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, ó ní lọ́jọ́ tí ìjọba bá fa omi dé Ìṣẹ̀, ilé tiwa yóò ti múra tán. Màmá wò ó, ó béèrè bóyá aago ni.

Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í se omi. Ẹni tó bá ń se omi mímu gbogbo ilé ló mọ bí igi ti ń lọ. Kẹrosíìnì wọ́n nígbà náà, ènìyàn á to agolo títí ẹsẹ̀ á fi wú. Igi tí Màmá kó jọ láti oko kòkó tí ìbá gbé wa dé ìgbà òjò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ún tán kí oṣù tó yí. Èéfín ti pọ́n ojú mi, ara ògiri ìdáná dúdú, omi tí mo sì sè ń rùn bí èéfín. Àwọn ará ilé kò tilẹ̀ fẹ́ mu ún. Wọ́n ní kò dùn, pé omi aláìsàn ni. Nígbà tí pásítọ̀ wa wá kí wa, tí mo gbé omi sísè fún un, Màmá rọra gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó bu omi àmù rọ́pò rẹ̀. Kò ní fi omi aláìsàn gba àlejò.

Ni mo bá rántí ohun tí wọ́n fi hàn wá nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni: ìkòkò mẹ́ta lórí ara wọn. Ti òkè ní òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn nínú, ti àárín ní èédú, àwọn méjèèjì ní ihò nídìí, ti ìsàlẹ̀ sì ń gba omi tó ti mọ́. Kò wá iná, kò wá kẹrosíìnì, kò ní ike tí a ó sọ nù. Omi tó bá jáde níbẹ̀, ìwọ̀nba tí ọmọ yóò mu nìkan ni a ó wá sè ní kẹ́tùlù kékeré. Mo ra ìkòkò ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Ìṣàn, káfíńtà kan lẹ́bàá ilé wa sì kan àga onípele mẹ́ta fún un. Mo fọ èédú, mo ṣa òkúta. Ó ku yanrìn. Ọkọ mi ní òun náà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, kí wọ́n má baà ní ti fíltà ara ògiri nìkan lòun mọ̀. Ó gbé garawa lọ sí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó sì gbé yanrìn tó funfun bí ìyẹ̀fun bọ̀. Inú mi dùn. A tò ó, a da omi sí i, a jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ tó fẹ́ pamọ.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ni Àǹtí Àkúrẹ́ dé láìròtẹ́lẹ̀ fún ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Omi ti kún ìkòkò ìsàlẹ̀ nígbà tí a ti ìsìn dé. Ó mọ́ gaara, o lè ka Bíbélì nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo bu ú fún Àǹtí, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbé e dé ẹnu, ó sì dúró. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo inú ife, ó wo ojú mi, ó gbé e fún ọkọ mi pé kó gbóòórùn rẹ̀ wò. Fùfú ni. Omi mọ́ bí ojú ẹyẹ, ó ń rùn bí ìkòkò fùfú ọlọ́jọ́ mẹ́rin.

Màmá ló béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ibi tó ti wa yanrìn. Ó ní lábẹ́ afárá ni, níbi tí yanrìn ti funfun jù. Àwọn obìnrin tó wà lójúde tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́ afárá ni gbogbo àdúgbò ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, láti ìgbà tí àwọn ìyá wọn ti wà lọ́mọge. Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀. Nígbà tí omi sì fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n kó àpò ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí òkè odò, ni ọkọ mi bá rí ilẹ̀ funfun, tó rò pé mímọ́ ló mọ́. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rí ẹ̀rín rín, nítorí mo ti rí ojú Àǹtí.

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní òun kò bínú, òun mọ̀ pé a ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a kò ní fi ẹ̀mí ọmọ kọ́ iṣẹ́. Ó ní kí n di ẹrù ọmọ, òun yóò mú un lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní a ó yí yanrìn padà. Ó ní amọ̀ ti mu òórùn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìkòkò tuntun kì í gbàgbé ohun tó bá kọ́kọ́ mu. Ọjọ́ ọjà sì ṣì jìn. Mo wọ yàrá lọ, mo fa báàgì jáde láti abẹ́ ibùsùn, mo sì jókòó tì í. N kò lè fi aṣọ kan sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ nǹkan nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde. Màmá ti da gbogbo omi inú àmù rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń wọ́ àmù náà bọ̀ wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń mí hẹlẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀. Àmù yẹn ni ìyá rẹ̀ ru tẹ̀lé e wọ ilé náà nígbà tó ṣe ìyàwó. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wá lu ihò sí i nídìí, pé èyí kò mu fùfú rí.

Àmù tí a bá lu nídìí, kò ní gba omi mọ́ láéláé. Àǹtí Àkúrẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí ló dé tí Màmá fẹ́ ba nǹkan ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nítorí omi, omi tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wọn. Màmá kò wò ó. Ẹnu àmù ló ń wò.

“Ọmọ méjì ni mo sin nínú ulé yìí kí n tó bí ẹ,” ó wí. “Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Ìgbà òjò ni àwọn méjèèjì lọ, inú ló ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu, bíi ti ọmọ yìí gẹ́lẹ́.”

Orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ kó má padà lọ mọ́ ni orúkọ Àǹtí Àkúrẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Ó rọra jókòó sórí àpótí.

“Láti ọjọ́ tí ìyàwó ti sọ pé omi ni, n kò tíì sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ omi ni, a jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu ú fún wọn.”

Mo ti kúnlẹ̀ tì í kí n tó mọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ kò mọ̀ nígbà náà.”

“Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí,” ó wí. “Ẹ lu udí àmù mi.”

Ìgbà náà ni ìró kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ ewé eépín gbogbo òwúrọ̀ yẹn tó yé mi. Kì í ṣe èmi ni Màmá ń fi hàn pé àmù òun mọ́. Òun ló ń wá nǹkan kan nínú àmù náà, nǹkan tí mo sọ fún un pé ojú kò lè rí. Ohun tí mo kó láti ilé ẹ̀kọ́ wá sí ilé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, ẹ̀sùn ló jẹ́ nígbà tó dé etí rẹ̀. Ó rọrùn fún èmi láti gbà pé omi ni, n kò tíì sin ọmọ.

Ọkọ mi mú ìṣó ńlá àti òkúta ọwọ́. A da àmù náà dé sórí àpò, a ń bu omi sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà sán, ó sì ń fi òkúta kan ìṣó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń yí i, ó ń kàn án. Màmá fi apá méjèèjì di àmù náà mú bí ìyá tó di ọmọ mú nígbà tí wọ́n fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Bó bá sán, kò sí èkejì. Nígbà tí ìṣó wọlé tán, ọkọ mi fà á yọ, òun àti Màmá jọ gbé àmù náà sókè sí ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ tó kéré bí ẹyọ àgbàdo sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó fi ìka kékeré rẹ̀ sí ihò náà. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yọ ọ́, ó ní ẹ jẹ́ ká lọ wa yanrìn.

Gbogbo wa la lọ. Àǹtí Àkúrẹ́ ká aṣọ ìdúpẹ́ rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ inú odò ní òkè pátápátá, níbi tí ẹ̀gẹ́ kankan kò dé, ó ń fi ọwọ́ tó fi ń ta aṣọ olówó iyebíye gbo yanrìn nínú garawa, ó ń ṣàn án nù, ó ń tún un gbo. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀, a kò sì dá a lẹ́kun. A sá yanrìn náà sórí páànù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àmù Màmá ti wà lókè àga, yanrìn àti òkúta nínú rẹ̀. Agbada kan tí Màmá fi ń po ẹ̀kọ tẹ́lẹ̀ la lu fún èédú, orù àtijọ́ rẹ̀ kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń gba omi. Omi àkọ́kọ́ a dà á nù, ìkejì náà a dà á nù. Ní òwúrọ̀, Àǹtí bu ti ìkẹta mu. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó bá gbé báàgì tirẹ̀. Ó ní òun máa wo bí òjò ti ń lọ sí. Ó lọ láìgbé ọmọ mi.

Òjò ọdún náà pọ̀. Omi kànga pọ́n bó ṣe máa ń pọ́n, a ń dà á sínú àmù Màmá lókè, ó ń jáde ní mímọ́ nísàlẹ̀, mo sì ń se ti ọmọ ní kẹ́tùlù kékeré bí nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ ni ìró rẹ̀ ń bẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó, tó, tó. Nígbà míì tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá bá Màmá lórí àpótí, ọmọ mi lórí itan rẹ̀, àwọn méjèèjì á dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà hu eyín, ó wúkọ́, ó ṣubú, ó la orí mọ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe ló ṣe, ṣùgbọ́n inú kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí àlejò bá dé, omi náà ni Màmá ń bù fún un. Á ní, “Omi ìyàwó mi nìyí,” á sì dúró títí wọn yóò fi mu ún tán. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìmọ̀ yanrìn àti èédú lèmi ní. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi lọ, ọwọ́ Màmá ló wà.

Màmá ti lọ sinmi, ó ti pẹ́. Ọkọ mi àti èmi ti fẹ̀yìn tì, a ṣì ń gbé ilé náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó kọ́kọ́ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kó mọ ohun tó ń bá jà. Kó ṣe táńkì oníyanrìn àti èédú síta tí yóò mú pípọ́n náà kúrò, kó wá ra fíltà oníkáńdùlù, tí amọ̀ sísun bí àbẹ́là wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọn kì í sọ nù, sínú ilé. Kò ní jẹ iná, kò ní da omi nù. Èyí tí n kò sọ fún un rí títí di ọjọ́ tó pè mí yẹn ni ti àwọn ọmọ méjì tí Màmá sin, nítorí n kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ fún ẹni tí Màmá tọ́ dàgbà lórí àpótí yẹn. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà.

Ó béèrè bóyá àmù náà ṣì wà. Mo ní ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, pé bíríkìlà tó ń bá wa tún ilẹ̀ ìdáná ṣe tilẹ̀ rí i láàárọ̀, ó ní irú àmù báyìí kò sí mọ́, òun yóò fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dí ìdí rẹ̀ lọ́la kó lè tún máa gba omi.

“Mọ́mì,” ọmọ mi wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dí i.”